Ọlá wo ló yẹ àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà ìlú wa láìgbowó?

Ìbéèrè

Ìlú kan nítòsí Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa fẹ́ bu ọlá fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Àwọn obìnrin ìjọ àti ti mọ́sálásí wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí ọmọ wọn kò sí nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn láìgba kọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì náà wà, tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Apá kan fẹ́ gbọ̀ngàn, àwo ẹ̀yẹ àti àwọn oníròyìn. Apá kejì ní kí a pín owó náà fún wọn kí ọ̀rọ̀ parí. Bàbá kan tún dìde nínú ìpàdé, ó ní ẹ̀gàn ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún àwọn ọmọ àwọn arúgbó náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo ni ẹ ṣe ṣe é?

* * *

Ìdáhùn àkọ́kọ́

Ìlọrin ni mo ń gbé, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan ní àdúgbò wa tó ń bẹ àwọn arúgbó wò, tó sì ń bá wọn lọ síbi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gbé wọn dé mọ́. Kí ẹ tó yan láàárín àwo ẹ̀yẹ àti owó, ẹ lọ bá àwọn ènìyàn yìí lọ́kọ̀ọ̀kan nílé wọn, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwa béèrè, kò sí ẹni tó dárúkọ àwo ẹ̀yẹ. Obìnrin tó ń wẹ ìyá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní ìbọ̀wọ́ onírọ́bà àti pámpáàsì àgbàlagbà ni òun ń fẹ́, nítorí owó ọjà òun ni òun fi ń rà wọ́n. Ọkùnrin tó ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ń wá ẹni tí yóò máa dúró fún òun lọ́jọ́ tí ara òun kò bá yá. Obìnrin kẹta ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni kí ẹnìkan bá òun bá ọkọ òun sọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn tó ń jókòó ní ìgbìmọ̀ kì í sábà mọ bí iṣẹ́ náà ti gùn tó. Láti ìgbà tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin ti kó lọ sí Òkè-Oyì ní ọ̀nà Jẹ́bà, ẹni tó bá mú arúgbó láti Ọjà Ọba lọ síbẹ̀ ti pàdánù ọjọ́ kan gbáko: yóò jí ní ìdájí, yóò tò fún káàdì, yóò tò fún dókítà, yóò tò níbi tí wọ́n ti ń sanwó, yóò tún tò fún oògùn, yóò sì máa wá ibi tí arúgbó náà yóò jókòó sí ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń tò. Ẹni tó ń bọ̀ láti Òmù-Àrán tàbí Ìsánlú-Ìsìn ní ìrìnàjò mìíràn láti fi kún un. Ti báǹkì tún wà níbẹ̀. Ìka ọwọ́ ẹni tó ti fi ọkọ́ ro oko láti kékeré ti dán débi pé ẹ̀rọ kì í rí ìlà kankan kà lórí rẹ̀. Àwọn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí iléeṣẹ́ PTAD ń sanwó ìfẹ̀yìntì fún, gbọ́dọ̀ fi ojú wọn han fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láti fi jẹ́rìí pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ta ni ó ń di fóònù náà mú, tí ó ń sọ pé, "Ẹ gbójú sókè, Bàbá, ẹ ṣẹ́jú"? Ọmọ aládùúgbò ni.

Èrò tèmi ni pé ọlá tí kò bá mú iṣẹ́ yìí rọrùn lọ́nà kan, ìgbìmọ̀ tó ṣètò rẹ̀ ló ń bu ọlá fún.

* * *

Sí ẹni tó ní "yínniyínni, kẹ́ni ó ṣèmíì"

Ẹ ní kí a yìn wọ́n ní gbangba kí wọ́n lè tún ṣe sí i. N kò ta kò yín. Ìyìn ní gbangba wúlò, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́, nítorí ìyá tó bá gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọba ìlú kò ní bá a jà mọ́ pé ó ń fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ṣòfò nílé onílé. Ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ ni irú ohun tí a ó gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹ wo àwọn àgùnbánirọ̀. Láti ọdún 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá sí ìlú wa tí wọ́n sì ń lọ. Ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìlú, àwọn kan sì máa ń lò ó lọ́dọ̀ àwọn arúgbó. Bí ọdún bá pé, wọ́n á di ẹrù wọn, wọ́n á máa wá iṣẹ́ kiri. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìwé tí a fọwọ́ sí, tó sọ iṣẹ́ tó ṣe ní pàtó, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, àti ẹni tí a lè pè láti bi í léèrè. Ìwé "A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún akitiyan rẹ" kò sọ ohunkóhun fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì kò wá iṣẹ́ mọ́, nítorí náà ohun tí yóò wúlò fún un yàtọ̀. Ẹ má ṣe gbé ohun kan náà lé ènìyàn mẹ́wàá lọ́wọ́ nítorí pé ó rọrùn fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.

* * *

Lórí làádá àti ṣekárími

Mélòó kan ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá ṣe é nítorí Ọlọ́run kò gbọ́dọ̀ gba ọlá lọ́wọ́ ènìyàn, pé ṣekárími, ìyẹn àṣehàn, ni yóò dà, làádá rẹ̀, èrè rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, yóò sì bàjẹ́. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà ti mú ọ̀rọ̀ Mátíù orí kẹfà wá, níbi tí Jésù ti ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣoore ni méjèèjì. Ẹni tí a ṣoore fún ní iṣẹ́ tirẹ̀, hádíìsì tí gbogbo ilé kéwú ní Ìlọrin sì mọ̀ sọ pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kàn jẹ́ pé kí ẹ bi ẹni náà léèrè ṣáájú. Bí ó bá ní kí ẹ má dárúkọ òun, ẹ má dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì fi tipátipá fà á jáde láti orí àga ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe. Mo ti rí obìnrin ẹlẹ́hàá kan tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kò sì padà síbi iṣẹ́ náà mọ́.

* * *

Owó ńkọ́?

Orí rẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń sọ pé bí a bá ti fún ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lówó, ó ti di alágbàṣe, ọjọ́ tí owó bá sì tán ni iṣẹ́ yóò tán. Àwọn tó fẹ́ ẹ ń dáhùn pé ẹni tí ebi ń pa kò ní etí tí ó fi ń gbọ́ ìyìn. Lójú tèmi, owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní orúkọ kan ṣoṣo. Èkíní ni owó tí ẹni náà ti ná láti inú àpò ara rẹ̀: epo ọ̀kadà, owó káàdì ilé ìwòsàn, ọṣẹ, oògùn tó fi owó tirẹ̀ rà nígbà tí ọmọ kò tíì fi owó ránṣẹ́. Gbèsè ni ìlú jẹ ẹ́ lórí èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀bùn. Owó iṣẹ́ ni èkejì, ìyẹn iye tí a bá ń san fún agbára àti àkókò rẹ̀; ìlú kékeré kò sì lè san èyí pẹ́.

Àárín méjèèjì yìí ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó dára jù lọ nínú àwọn tó ń gbé arúgbó lọ gbé arúgbó bọ̀ ti dín ìrìn wọn kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì wọ́n láti béèrè owó epo lọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń súre fún wọn. Bí ẹ bá pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sórí pèpéle, tí ẹ kan sáárá sí i, tí ẹ sì jẹ́ kí ó fi agolo òfìfo darí sílé, ẹ ti fi ọlá dí i lẹ́nu: kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé apá òun kò ká a.

Ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀ gbìyànjú àpòòwé. Iye kan náà ni wọ́n fi sínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì pín in fún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Obìnrin tó ń lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àti ọkùnrin tó tẹ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀kan láti ya fọ́tò gba iye kan náà. Ìjà tó ti ibẹ̀ jáde ni ó tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ohun tí àwa ń ṣe ni pé ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, inú rẹ̀ ni yóò kọ ẹni tó bá lọ, ibi tí wọ́n lọ àti iye tó ná sí, akápò yóò sì san án padà ní ìparí oṣù. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á yóò fọwọ́ sí i pé òun fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Àwọn tó ń fi sílẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbà á náà ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró ní oṣù tí nǹkan bá le, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n wé àwọn tó fi sílẹ̀.

* * *

Sí ọmọ Ọ̀fà tó fi bàbá inú ìpàdé ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹ rọra. Bàbá náà rí ohun tí ìgbìmọ̀ kò rí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nítorí náà, bí ìlú bá pe ọmọ ẹlòmíràn jáde láti yìn ín pé ó ń wẹ ìyá mi, ìlú ti bú mi láìdárúkọ mi. Mo lè wà ní Èkó, kí n máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù láìyẹ̀, kí n sì gbọ́ lórí WhatsApp pé mo ti pa ìyá mi tì. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ kò lè pọn omi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n fi ń ra oògùn.

Ní àdúgbò wa, àwọn kan láti ẹgbẹ́ mìíràn ya àwòrán ìyá kan pẹ̀lú àpò ìrẹsì níwájú rẹ̀. Aṣọ ilé ni ìyá náà wọ̀, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó wé gèlè. Àwòrán náà kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Àbújá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ yìí ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ilé ìyá òun mọ́, ó sì mú ọmọ ọ̀dọ̀ kan wá, tí kò mọ bí a ti ń lo oògùn rẹ̀. Ìyá náà ni ó jìyà ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà náà ni a ti gbé e kalẹ̀ ní òfin pé a kì í ya àwòrán arúgbó lórí ibùsùn, níbi oúnjẹ tàbí ní ilé ìwòsàn. Àwòrán àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ti tó. Bí arúgbó fúnra rẹ̀ bá fẹ́ kí a ya òun, ẹ jẹ́ kí ó wọṣọ, kí ó jókòó dáadáa, kí ọmọ rẹ̀ sì mọ̀.

Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti tu bàbá yín nínú ni kí ẹ gbé ọpẹ́ náà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Kí olórí ìgbìmọ̀ pe ọmọ tó wà ní Èkó tàbí ní òkè òkun, kí ó sọ fún un pé ẹni báyìí ni ó ń bá a mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, pé ẹ fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dìde láti dúpẹ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ rárá. Bí wọ́n bá mọ̀, àwọn ni yóò gbé owó epo.

* * *

Ta ni yóò yan àwọn tí a ó bu ọlá fún?

Ẹnìkan béèrè bí a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe àwọn aláàánú wọ̀nyí ló ń jẹ owó arúgbó. Ìbéèrè tó dára ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí i. Káàdì ATM arúgbó àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kì í wà lọ́wọ́ ẹnìkan náà lọ́dọ̀ wa; ènìyàn méjì ní í bá a lọ gba owó, wọn a sì mú rìsíìtì padà wá. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó kì í fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Obìnrin ni ó ń wẹ obìnrin.

Ohun tí ó so èyí mọ́ ọ̀rọ̀ ọlá ni pé bí ìgbìmọ̀ bá bi arúgbó léèrè ní iwájú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé, "Ṣé ó ń tọ́jú yín dáadáa?", kí ni ẹ fẹ́ kí ó sọ? Ẹni náà ni yóò gbé oúnjẹ wá lọ́la. Ẹ rán ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, obìnrin tó dàgbà tó ṣeé finú hàn, kí ó lọ nígbà tí ẹni náà kò sí nílé, kí ó jókòó pẹ́, kí ó sì jẹ́ kí arúgbó dárúkọ ẹni tó bá wù ú.

Ẹnu yóò yà yín sí orúkọ tí wọn yóò dá. Nígbà tí àwa ṣe é, wọ́n dárúkọ oníkẹ́míìsì tó ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn ní àwìn. Wọ́n dárúkọ ọmọbìnrin oní-POS tí kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dárúkọ káfíńtà tó kan igi ìdìmú mọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀ fún bàbá kan lẹ́yìn tí ó ṣubú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè ní í ṣubú lọ́dọọdún, nítorí náà iṣẹ́ káfíńtà yẹn kì í ṣe kékeré. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Arúgbó kan tilẹ̀ dárúkọ arúgbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń wá bá a ta ayò ní ìrọ̀lẹ́.

* * *

Ìjọba

Mo ti rí i pé àwọn kan fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ilé Arúgbó ti ìdílé Saraki tí ìjọba wó ní Ìlọrin ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn lọ síbòmíràn. A ti gbọ́ ẹjọ́ ọ̀tún, a ti gbọ́ ti òsì.

Owó Arúgbó tí ìjọba Kwara ń pín fún àwọn kan nínú wọn dára, ó sì ra oògùn fún ẹni tó rí i gbà. Ìjọba àpapọ̀ náà ní òfin ọdún 2017 tó dá ibùdó àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí. Kò sí èyí tí yóò wá gbé ìyá àgbà sórí ọ̀kadà ní ìdájí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ fún ìgbìmọ̀ yín nípa ìjọba ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí olóṣèlú kankan gbé bánà tirẹ̀ wọ inú ayẹyẹ náà, bí ó tilẹ̀ ṣèlérí láti san owó gbọ̀ngàn. Ẹgbẹ́ òṣèlú kejì yóò bínú, àwọn arúgbó tó wà ní apá ibẹ̀ yóò sì kọ oúnjẹ yín.

* * *

Sí ẹni tó béèrè, tó ní wọ́n ti san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn

Kò burú, ẹ lò ó. Nípa ọjọ́, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà láti ọdún 1990 bọ́ sí ọjọ́ òmìnira wa, gbogbo ẹni tó jẹ́ ènìyàn pàtàkì ni yóò sì wà ní pápá ìyíde. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, tó jẹ́ ti àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti ọdún 1985, sún mọ́ ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kò tíì dé fún Kérésìmesì. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ẹ sún un sí ọjọ́ ìlú yín, nígbà tí kálukú bá ti wálé. Kí ó má ju wákàtí méjì lọ, nítorí àwọn tí ẹ ń tìtorí wọn ṣe é kò lè jókòó pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ilé ìtọ̀ wà nítòsí.

Ẹ san gbèsè epo ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì wá ẹni kejì tí yóò máa gbà á sílẹ̀. Ẹ bi àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ bóyá gáàsì tàbí èédú ni wọ́n ń lò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ti nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo dábàá, ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ bá yín lọ sí ọjà, kí ó yan aṣọ tí a ń dì mọ́ apá ní oríṣi méjì, kékeré àti ńlá, nítorí èyí tó bá kéré ju apá ènìyàn lọ máa ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹni náà ga nígbà tí kò ga. Ẹ ra bátìrì mọ́ ọn.